Ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yọ́ tí kò kúrò nínú àtòjọ Èkìtì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mò ń fi JavaScript, èdè ìkọ̀wé ètò kọ̀ǹpútà, kọ fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Èèyàn á kọ́kọ́ yan ìpínlẹ̀, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ á sì jáde nínú dropdown (àtòjọ tí èèyàn ti ń yan ọ̀kan) kejì. Tí mo bá yan Ọ̀yọ́, ó ń pé. Tí mo bá yí i sí Èkìtì, díẹ̀ lára ti Ọ̀yọ́ á ṣì jókòó síbẹ̀. Lúùpù (kóòdù tó ń tún ara rẹ̀ ṣe) tí mo fi ń yọ wọ́n nìyí; lg ni dropdown kejì yẹn:

for (let i = 0; i < lg.options.length; i++) lg.remove(i);

Kí ló ń ṣẹlẹ̀?
— Òǹkàwé kan, Ṣakí

ÌDÁHÙN: O ṣeun, àbúrò, tí o fi kóòdù náà ránṣẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé àwọn ohun tó wà nínú options, ìyẹn àtòjọ inú dropdown náà, kì í dúró lójú kan. Bí o bá ti yọ ọ̀kan, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sún síwájú lójú ẹsẹ̀. O yọ Afijió ní ipò 0 (láti 0 ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀), Akínyẹlé tó wà ní 1 bọ́ sí 0. Ṣùgbọ́n i, òǹkà lúùpù náà, ti di 1 ní tiẹ̀, kò ní padà wá mú Akínyẹlé. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń mú ọ̀kan, tó ń fo ọ̀kan. Ìjọba ìbílẹ̀ 33 ni Ọ̀yọ́ ní. Lúùpù rẹ yọ 17, ó fi 16 sílẹ̀. Èkìtì náà ní 16 tirẹ̀, ló fi di 32 lójú rẹ.

Ẹ̀yìn ni kí o ti máa yọ wọ́n bọ̀:

for (let i = lg.options.length - 1; i >= 0; i--) lg.remove(i);

Bó bá jẹ́ gbogbo rẹ̀ lo fẹ́ kó dànù, lg.options.length = 0 ti tó. Síbẹ̀ mo fẹ́ kí o mọ ti àkọ́kọ́ yẹn dáadáa, nítorí wàá ṣì fẹ́ yọ díẹ̀ kí o fi díẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Tí o bá ti to ti Èkìtì sí i tán, kọ lg.selectedIndex = -1, kí ó má sí èyí tó ti di yíyàn. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, Adó-Èkìtì tó wà lókè pátápátá ni yóò ti di yíyàn, ẹni tó bá ń kánjú á sì fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

O kò bi mí ní èyí, àmọ́ ó ká mi lára gan-an: má fi orúkọ lásán pa mọ́. Súrùlérè wà ní Èkó, ó wà ní Ọ̀yọ́. Ìfẹ́lódùn àti Ìrẹ́pọ̀dùn wà ní Ọ̀ṣun, wọ́n tún wà ní Kwárà. Owó àwọn èèyàn wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò yẹ kí a máa méfò ibi tí ọmọ ẹgbẹ́ ti wá. Nọ́ńbà ipò náà kò ṣeé gbára lé, torí bí o bá ti fi orúkọ kan kún un láàárín, gbogbo rẹ̀ á yí. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀: new Option("Súrùlérè", "OY-SUR") fún ti Ọ̀yọ́, "LA-SUR" fún ti Èkó. Orúkọ ni èèyàn á máa rí. Àmì yẹn, ìyẹn lg.value, ni kí o fi ránṣẹ́ sí dátábéèsì.