Bọ́ọ̀dù kírọ́sófà onídíjítà: ibo ni ká pín ohùn sí, kí ló dé tí ètò ń pòórá?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Òṣogbo ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Àpótí sípíkà ni mo máa ń kàn fún ṣọ́ọ̀ṣì àti fún àwọn tó ń ṣe òde àríyá. Kírọ́sófà oníkọ́ìlì (ohun tó ń pín ohùn fún sípíkà kọ̀ọ̀kan) inú àpótí tí mo kàn kẹ́yìn jó, mo tún un ṣe, ó tún jó, ni mo bá ra bọ́ọ̀dù ADAU1701 kan, kírọ́sófà onídíjítà, àti ohun tí wọ́n fi ń so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Bẹ́ẹ̀sì íǹṣì 15, mídì (sípíkà ohùn àárín) íǹṣì 8 àti họ́ọ̀nù kékeré kan fún ohùn òkè ló wà nínú àpótí náà. Bọ́ọ̀dù yìí ń kùn hùùù ṣáá. N kò sì mọ ibi tó yẹ kí n pín ohùn sí. Èyí tó sú mi jù ni pé bí NEPA bá mú iná lọ tí wọ́n sì mú un dé, á dákẹ́ rọ́rọ́, àfi kí n tún so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀, torí ìṣòro tó kẹ́yìn ló rọrùn jù.

Áísì ADAU1701 kì í rántí nǹkan kan bí iná bá lọ. Gbogbo ohun tí ẹ ń fi SigmaStudio, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń darí rẹ̀, rán sí i, inú ìrántí onígbà díẹ̀ ló ń wọ̀. Ibi tó yẹ kí ètò yín máa gbé ni EEPROM, áísì kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sábà máa ń kọ 24LC256 tàbí 24C256 sí lára. Bí ẹ bá ti parí iṣẹ́, ẹ tẹ Link Compile Download, ẹ lọ sí Hardware Configuration, ẹ fi apá ọ̀tún máòsì tẹ àwòrán ADAU1701, ẹ ó rí Write Latest Compilation to E2PROM níbẹ̀. Tó bá bi yín bí EEPROM ṣe tó, 256 Kb ni, ojú ewé rẹ̀ jẹ́ báìtì 64, àdírẹ́sì rẹ̀ jẹ́ báìtì 2. Ẹ rí i pé WP tó ń dènà kíkọ kò sí lẹ́nu iṣẹ́, kí ẹsẹ̀ SELFBOOT, tó ń sọ fún áísì pé kó lọ ka EEPROM, sì wà lórí 3.3 V. Bí SELFBOOT bá wà lórí ẹ́ẹ̀tì (0 V), ẹ lè kọ ọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, áísì yẹn kò ní yà sọ́dọ̀ EEPROM nígbà tí iná bá dé.

Nǹkan kan tún wà níbẹ̀ tó ń tan èèyàn jẹ. Bí ẹ ṣe ń fa fólúùmù tàbí tí ẹ ń yí Hz (iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) padà lójú kọ̀ǹpútà, ẹ̀ ń gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀, ẹ ó sì rò pé ó ti wọlé. Èyí tí ẹ tẹ Link Compile Download fún kẹ́yìn nìkan ló ń wọ EEPROM. Torí náà, ẹ tún un tẹ̀ kí ẹ tó kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ẹ yọ okùn USB, ẹ pa á, ẹ tan án. Tó bá sọ̀rọ̀ láìsí kọ̀ǹpútà, ó parí.

Ní ti kíkùn, ẹ má dá áísì lẹ́bi. Irú kíkùn tó jẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ́tí sí. Bó bá lọ sílẹ̀ gan-an tó sì wúwo, 50 Hz ni; iná ńlá fúnra rẹ̀ ló ń gba ojú ẹ́ẹ̀tì wọlé, tàbí kó jẹ́ pé wáyà ohùn gba ẹ̀gbẹ́ tiransifọ́mà kọjá. Bó bá ròkè díẹ̀ tó sì ń han, 100 Hz nìyẹn, inú páwà tí ẹ fi ń sọ AC di DC ló ti wá: kapásítọ̀ ibẹ̀ ti gbó tàbí ó kéré jù. Bó bá wá jẹ́ pé ohùn tín-ín-rín bíi ti ẹ̀fọn ló dà mọ́ ọn, ó dá mi lójú pé ṣájà fóònù olówó pọ́ọ́kú ni ẹ fi ń fún un ní 5 V. Ẹ gbé ṣájà yẹn sọ nù. Tiransifọ́mà kékeré oní 9 V, dáyóòdù mẹ́rin, kapásítọ̀ 2,200 µF àti 7805 kan ti tó fún bọ́ọ̀dù yìí, ohùn rẹ̀ á sì mọ́ ju ti ṣájà kóṣákóṣá lọ. Kí ẹ tó so ampilifáyà mọ́ ọn, ẹ fi mítà wò ó: 3.3 V gbọ́dọ̀ pé, 1.8 V tí inú áísì ń lò náà gbọ́dọ̀ pé.

Àmọ́ kí ẹ tó tú nǹkan kan, ẹ yọ ṣájà kọ̀ǹpútà yín lára iná, kó máa lo bátìrì. Bí kíkùn náà bá dákẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ yín kò ní àbùkù. Kọ̀ǹpútà àti ampilifáyà ló ń gba ọ̀nà ẹ́ẹ̀tì méjì pàdé ara wọn, tí ẹ bá sì yọ USB lẹ́yìn tí ẹ ti kọ ètò tán, ẹ ò ní gbọ́ ọ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé ẹsẹ̀ ẹ́ẹ̀tì ampilifáyà nítorí kíkùn. Mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é káàkiri. Lọ́jọ́ tí tiransifọ́mà inú ampilifáyà bá ya, ẹni tó di máíkì mú ni iná máa gbé.

Ẹ tún yẹ ẹnu ọ̀nà tí ohùn ń gbà wọlé wò. Áísì yìí kì í wọn fóòtì tààrà, kọ́ńrẹ́ǹtì ló ń wọ̀n, 100 µA sì ni òpin rẹ̀. Rẹsítọ̀ 2 kΩ wà nínú rẹ̀, wọ́n sì sábà máa ń fi 18 kΩ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀; àpapọ̀ wọn jẹ́ 20 kΩ, ìyẹn ni pé 2 V ló máa kún un dé ẹnu. Míksà ṣọ́ọ̀ṣì lè tú jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa nígbà tí àwọn akọrin bá ki eré mọ́lẹ̀. Ohùn á máa fọ́, ẹ ó máa dín ampilifáyà kù, kò sì ní yí padà, torí kò tíì dé ampilifáyà tó ti fọ́. Bí ẹ bá fi 39 kΩ rọ́pò 18 kΩ, ó máa gba nǹkan bíi 4 V. Níbi tó ń gbà jáde, 0.9 V ni òpin rẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà yìí sọ́kàn, a máa padà sí i.

Ojú ohùn méjì ló ń wọlé, mẹ́rin ló ń jáde. Àpótí yín máa gba mẹ́ta, ojú ampilifáyà mẹ́ta ni ẹ sì nílò, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún sípíkà kan. Bí àpótí méjì bá ní láti kọ ohùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bọ́ọ̀dù méjì ni. Gbogbo kọ́ìlì àtijọ́ inú àpótí gbọ́dọ̀ jáde.

Ó wá ku ibi tí a ó pín in sí, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Kò sí nọ́ńbà kan tó bá gbogbo àpótí mu; sípíkà tó wà lọ́wọ́ yín ló máa sọ ibi tí ààlà máa wà. Họ́ọ̀nù ni ẹ ó kọ́kọ́ bi. Ìwé rẹ̀ máa sọ Hz tí kò gbọ́dọ̀ kọrin kọjá nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ họ́ọ̀nù tí ẹnu dírááfà rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 1 ń fẹ́ 1,600 tàbí 2,000 Hz lọ sókè. Ẹ má fi ipá mú un kọjá ohun tí ìwé wí, pàápàá bó bá jẹ́ òde ìta gbangba, níbi tí wọn ò ti ní jẹ́ kí fólúùmù sinmi. Lẹ́yìn náà ẹ wo mídì. Ní 2,000 Hz, ìgbì ohùn kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 17, ìwọ̀n yẹn ni ojú páálí mídì íǹṣì 8 sì fẹ̀ tó. Bí mídì bá kọjá ibẹ̀, ohùn rẹ̀ á máa sún jọ síwájú: àwọn tó jókòó láàárín ṣọ́ọ̀ṣì á gbọ́ pásítọ̀ ketekete, àwọn tó wà lẹ́bàá ògiri á máa bi ara wọn pé kí ló wí. Nítorí náà 2,000 Hz ni màá fi ààlà òkè sí fún yín.

Ààlà ìsàlẹ̀, 350 Hz. Púpọ̀ nínú ohun tó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yéni á wà lọ́wọ́ mídì, bẹ́ẹ̀sì á sì gbájú mọ́ ìlù àti gìtá. Ṣùgbọ́n mídì gbọ́dọ̀ ní yàrá tirẹ̀ nínú àpótí, kí ẹ dí i pa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ afẹ́fẹ́ tí bẹ́ẹ̀sì ń tì á máa ti páálí rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Bí àpótí yín bá ní ihò, ẹ gé ohun tó wà lábẹ́ 40 Hz kúrò lọ́dọ̀ bẹ́ẹ̀sì, torí nísàlẹ̀ ibẹ̀ páálí á kàn máa fò lásán, kò ní mú ohùn jáde.

Irú ìpín tí ẹ ó yàn ni Linkwitz-Riley, tó ń gé ohùn kù ní 24 dB (dB ni ìwọ̀n líle ohùn) fún ìlọ́po méjì Hz kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ààlà. Siegfried Linkwitz àti Russ Riley, òṣìṣẹ́ Hewlett-Packard ní Amẹ́ríkà, ni orúkọ náà ti wá. 1976 ni Linkwitz tẹ ìṣirò rẹ̀ jáde. Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé lójú ààlà, sípíkà kọ̀ọ̀kan á wà ní ìdajì fóòtì rẹ̀, àwọn méjèèjì á jọ tì síwájú lẹ́ẹ̀kan náà, àpapọ̀ wọn á sì pé géérégé. Ní 1,000 Hz, agbára tó ń dé ọ̀dọ̀ họ́ọ̀nù kò ní tó ìdá kan nínú 250. Kírọ́sófà oníkapásítọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n ń tà lọ́jà kò lè ṣe é.

Bí ìwé họ́ọ̀nù bá kọ pé ohùn rẹ̀ le tó 107 dB tí ti mídì jẹ́ 97, tí ampilifáyà wọn sì jọra, ẹ fa họ́ọ̀nù wálẹ̀ ní 10 dB. Ẹ wá padà sí 0.9 V yẹn. Bí ampilifáyà bá ń sọ fóòtì di ìlọ́po 20, 18 V ni bọ́ọ̀dù yìí lè mú un tú jáde, ìyẹn 40 wáàtì lórí sípíkà 8 Ω. Họ́ọ̀nù tó jẹ́ 20 wáàtì nílò límítà tó máa dá a dúró ní 3 dB sísàlẹ̀ òpin. Fún bẹ́ẹ̀sì, 40 wáàtì kéré; ẹ wá ampilifáyà tó ń ṣe ìlọ́po 40, á fún yín ní nǹkan bíi 160.

Ẹ fi kapásítọ̀ 47 µF tí kò ní pósítífù àti nẹ́gétífù sáàárín ampilifáyà àti họ́ọ̀nù. Kì í ṣe láti pín ohùn, 420 Hz ló ti ń ṣiṣẹ́. DC ló ń dènà, àti gbàmù ìgbà tí iná bá ṣàdéédé lọ. Ampilifáyà ni kí ẹ máa tàn kẹ́yìn, òun sì ni kí ẹ máa kọ́kọ́ pa.

Ìdádúró ló kù. Kọ́ìlì họ́ọ̀nù wà lẹ́yìn, ti mídì sún síwájú, torí náà ohùn mídì á ṣáájú. Bí àlàfo wọn bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15, nínú ooru 30°C tiwa yìí, tí ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 349 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, mídì fi 0.43 ms ṣáájú. Áísì yìí ń ka ohùn ní ìgbà 48,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, nítorí náà ẹ fi ìdádúró tó jẹ́ kíkà 21 sí mídì, kí ẹ sì fi 21 kan náà sí bẹ́ẹ̀sì.

Báyìí ni ẹ ó ṣe mọ̀ bóyá ó tọ́. Ẹ gbé àpótí síta, kí ògiri má baà máa dá ohùn padà. Ẹ pa bẹ́ẹ̀sì, ẹ fi ohùn 2,000 Hz sí i, ẹ gbé máíkì síwájú rẹ̀ ní mítà méjì, láàárín ọ̀gangan họ́ọ̀nù àti mídì. Nínú SigmaStudio ẹ yí họ́ọ̀nù lódì. Ohùn gbọ́dọ̀ rì. Ẹ máa fi ọ̀kọ̀ọ̀kan yí ìdádúró sókè sódò títí ẹ ó fi rí ibi tó ti rì jù, ẹ wá dá họ́ọ̀nù padà sí bó ṣe wà. Ẹ má rìn jìnnà ju bíi 8 lọ sí nọ́ńbà tí ẹ fi ìwọ̀n rí, torí ìgbì kan ní 2,000 Hz jẹ́ kíkà 24, ó tún lè rì níbòmíràn tí kò tọ́. Láàárín bẹ́ẹ̀sì àti mídì, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú: ní 350 Hz ìgbì kan gùn tó mítà kan, sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ kò ní hàn níbẹ̀.