Bí a ṣe ń gbé orí ẹ̀rọ cesium lápá ọ̀dọ̀ tiwa

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè ìdí tí ẹ̀rọ cesium yín, èyí tí a fi ń wá àpáta abẹ́ ilẹ̀ nípa òòfà rẹ̀, fi ń ka òòfà ilẹ̀ dáadáa bí ẹ bá kọjú sí àríwá, tí ó sì ń dákẹ́ bí ẹ bá yà sí ìlà-oòrùn, ẹ má tíì dá a padà fún ẹni tí ó yá yín. Ohun kan náà ni ojú mi rí nínú oko kan lẹ́yìn Kwali. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi ń tú wáyà, tí mo ń pààrọ̀ bátìrì, tí mo sì ń jágbe mọ́ ọmọkùnrin tí ó ń bá mi gbé e.

Oru cesium ni ó wà nínú ìgò kékeré tí ó wà ní orí ẹ̀rọ náà. Ìmọ́lẹ̀ a máa to àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ sójú kan, wọn a sì máa pòòyì bí òkòtó, ìgbà 3.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún nT (nanotesla, ìwọ̀n agbára òòfà) kọ̀ọ̀kan. Ní Abuja, níbi tí òòfà ayé ti tó nǹkan bíi 33,000 nT, ìyẹn lé ní ìgbà 115,000. Ṣùgbọ́n bí ìtànṣán náà bá bá òòfà rìn lọ́nà kan náà, tàbí tí ó dábùú rẹ̀, ẹ̀rọ kò ní gbọ́ nǹkan kan. Dígírì 45 ni ó ti ń gbọ́ jù.

Ní Jámánì, òòfà ayé rì wọlẹ̀ gan-an, nítorí náà bí ẹ bá dagun orí ẹ̀rọ síwájú, yóò ṣiṣẹ́ níbi yòówù tí ẹ bá kọjú sí. Lọ́dọ̀ tiwa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn gbalaja láti gúúsù sí àríwá. Bí ẹ bá dagun orí ẹ̀rọ, tí ẹ wá kọjú sí ìlà-oòrùn, ẹ ti fi dábùú òòfà nìyẹn. Ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, kí ẹ yí imú rẹ̀ sí agbedeméjì iwájú yín àti ọwọ́ ọ̀tún yín. Bí ẹ bá ń rìn sí àríwá, gúúsù, ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn, 45 náà ni yóò máa jẹ́.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀sán gangan pẹ̀lú, nítorí iná mànàmáná tí ó ń ṣàn lókè ọ̀run, ní nǹkan bíi 100 kìlómítà sí ilẹ̀, lè gbé òǹkà ga tó 100 nT lápá ibí. Mo ti ya àwòrán ìlà àpáta kan rí láàárín aago mọ́kànlá sí aago kan, inú mi sì dùn púpọ̀. Nígbà tí a padà débẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àpáta kankan kò sí. Láti ìgbà náà, ẹ̀rọ kejì máa ń jókòó sí abẹ́ igi emi kan, jìnnà sí títì, kí n lè fi òǹkà rẹ̀ yọ ti ọ̀sán kúrò.