Èjìká Tó Ń Yẹ̀ Lójú Oorun

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Físíò. Ọmọ ọdún 23 ni mí, wẹ́dà ni mí l'Ọ̀fà, mo sì máa ń ṣọ́ gólì lọ́jọ́ Àìkú. Mo fò gba bọ́ọ̀lù, mo fi ọwọ́ ọ̀tún gúnlẹ̀, èjìká mi yẹ̀. Oníṣègùn eegun kan ládùúgbò fà á padà. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá ń bọ́ṣọ, á tún yẹ̀. Ó ti yẹ̀ lójú oorun rí. Wọ́n wá ṣe MRI, àyẹ̀wò tó ń ya àwòrán inú ara, fún mi, wọ́n ní labrum ya níwájú nísàlẹ̀, pé ihò kéékèèké ni àwọn máa gbà tún un ṣe. Màmá mi ní ẹni tí wọ́n bá fi abẹ kàn léjìká, apá rẹ̀ á rọ ni. Ṣé kò lè san fúnra rẹ̀? Bí mo bá gbà, ìgbà wo ni mo máa padà sẹ́nu iṣẹ́?
Wẹ́dà, Ọ̀fà

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ìjàkadì lorò Ọ̀fà lóòótọ́, àmọ́ èjìká tó ń yẹ̀ nítorí ṣẹ́ẹ̀tì kò ní ìjà kankan nínú mọ́. Kò ní san fúnra rẹ̀. Ká ní ẹ̀ẹ̀kan péré ló yẹ̀, tó o sì ti kọjá ogójì ọdún, eré ìmárale ni mi ò bá ní kó o kọ́kọ́ ṣe. Èjìká ọ̀dọ́ ló máa ń tún yẹ̀ jù, tìrẹ sì ti di àṣà.

Orí egungun apá tóbi, ó rí roboto, ibi tó jókòó sí kò sì jìn rárá. Labrum ni òṣùká tó yí etí ibẹ̀ ká, tí ìkòkò ò fi yí ṣubú. Ọjọ́ tí apá rẹ yẹ̀ síwájú ló fa òṣùká náà ya kúrò lára egungun. Bó o bá rí "Bankart" nínú ìwé èsì rẹ, má jẹ́ kó bà ọ́ lẹ́rù: oníṣẹ́ abẹ ará Ìlú Ọba kan tó kọ nípa irú yíya yìí ní 1923 ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mi ò fi fẹ́ kó o máa fi dọ́la dọ́la ni pé gbogbo ìgbà tó bá ń yẹ̀ ló ń ha etí egungun níwájú. Bí etí náà bá jẹ púpọ̀, ihò kéékèèké kò ní tó mọ́. Wọ́n á ní láti gé egungun díẹ̀ níbòmíràn léjìká yẹn kan náà, kí wọ́n fi síkúrù dè é mọ́bẹ̀. Nítorí náà, kó o tó fọwọ́ síwèé, bi dókítà bí egungun tó kù níbẹ̀ bá ṣì tó. Àyẹ̀wò CT ló ń fi èyí hàn jù.

Kí màmá gbọ́: wọn ò ní la èjìká. Wọ́n á mú ọ sùn, wọ́n sì sábà máa ń gún abẹ́rẹ́ kan lẹ́bàá ọrùn tó ń pa apá kú fún wákàtí mélòó kan. Ihò méjì tàbí mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tó sẹ̀ǹtímítà kan tàbí kó fi díẹ̀ lé, ni wọ́n á lu. Wọ́n á da omi iyọ̀ síbẹ̀ kó lè fẹ̀, kámẹ́rà á gba ihò kan wọlé, irinṣẹ́ á gba èkejì. Wọ́n á kan èèkàn kéékèèké mọ́ etí egungun, wọ́n á fi òwú ara wọn so labrum padà. Èèkàn mẹ́ta ló wọ́pọ̀, nígbà míì ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì sábà máa ń ka owó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní kí wọ́n kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ. Kì í sì í ṣe ohun àná: Kenji Takagi, ará Japan, ti ki awò sínú orúnkún òkú ní Tokyo láti 1918.

Apá kì í rọ lásán nítorí ihò wọ̀nyí. Àmọ́ kòkòrò lè wọ̀ ọ́, iṣan ìmọ̀lára lè fara pa, èjìká lè gan, ó sì tún lè yẹ̀. Ẹni tó bá ní kò lè yẹ̀ mọ́ láéláé ń purọ́ fún ọ. Oníṣègùn eegun yẹn ló tilẹ̀ yẹ kí màmá bẹ̀rù: ó fa apá láìya X-ray, kò mọ̀ bóyá egungun ti ṣẹ́.

Iṣẹ́ dókítà kì í pẹ́ lọ títí. Tìrẹ ló pọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà lo máa fi so apá kọ́ ọrùn, tọ̀sán tòru. Máa ṣí ọwọ́ máa pa á, máa ká ìgúnpá bí wọ́n bá ṣe ní kó o ṣe. Má fi èjìká dán nǹkan kan wò. Fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn, kó o sùn bí ẹni tó jókòó. Ẹ̀wù oníbọ́tìnì níwájú ni kó o wọ̀. Apá tó ní ọgbẹ́ ni kó kọ́kọ́ wọlé, òun ni kó kẹ́yìn jáde. Má dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni! Mo ti tọ́jú ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún àna, tó fọwọ́ tilẹ̀ dìde, tó wá fi omijé padà bá mi. Bó o bá jẹ́ Mùsùlùmí, jókòó kírun. Ẹ̀sìn gba aláìsàn láyè.

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni eré tó ń fún iṣan lókun á le. Wẹ́dìn orí tábìlì lè bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn. Géètì gbígbé àti wẹ́dìn òkè orí, oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà. Gólì, ó kéré tán oṣù mẹ́fà. Bí o kò bá ní ọmọ iṣẹ́ tó lè di ṣọ́ọ̀bù mú, tí owó oúnjẹ kò sì sí nílẹ̀, má tíì dájọ́. UITH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin, ní Òkè-Òyì ní ẹ̀ka egungun àti físíò, béèrè níbẹ̀ ná kó o tó kọjú sí ilé ìwòsàn egungun Ìgbóbì l'Ékòó. Ṣùgbọ́n Òkè-Òyì jìnnà sí Ọ̀fà, torí náà wá físíò tó sún mọ́lé sílẹ̀ kó o tó gba ọjọ́ iṣẹ́ abẹ.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí l'Ómù-Àrán, ẹni ọdún 61. Èjìká òsì ń dùn mí, n kò lè nawọ́ dẹ́yìn so kọ́mú. MRI ní labrum mi ya lókè. Ṣé kí èmi náà ṣe iṣẹ́ abẹ kámẹ́rà?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì ṣe é, mà. Bí ọjọ́ orí bá ti tó tiyín, MRI máa ń rí irú yíya yẹn lára ẹni tí èjìká kò dùn pàápàá. Ẹ ní kí dókítà fọwọ́ ara rẹ̀ gbé apá yín: bí òun náà kò bá lè gbé e dókè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èjìká tó gan ló ń yọ yín lẹ́nu, fífi abẹ kàn án nítorí labrum sì lè mú kó gan sí i. Àtọ̀gbẹ máa ń bá irú gígan yìí rìn. Ẹ lọ yẹ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ yín wò lọ́sẹ̀ yìí.