Ọmọ mi kọ eré kọ̀ǹpútà, àwọn ìbátan rẹ̀ ní Ìlọrin kò rí i ṣí

Ìbéèrè

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Manchester ni à ń gbé, ṣùgbọ́n ọmọ Ìlọrin ni bàbá àwọn ọmọ mi, ọmọ Ọmù-Àrán sì ni èmi. Ọmọkùnrin wa, ẹni ọdún 13, fi Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, àti Pygame, àkójọ irinṣẹ́ Python fún eré, kọ eré kan tí ó pè ní "Ẹṣin Ìlọrin": ọmọdé kan gun ẹṣin lọ sí ààfin, ó ń fo kòtò, ó sì ń ṣa wàrà lójú ọ̀nà. Ó fi í ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tẹ fáìlì náà, kọ̀ǹpútà ń bi wọ́n pé kí ni kí òun fi ṣí i. Windows ni tiwọn, kò sí Python lórí rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò bá wọn gbé e sí i. Mac ni àwa ń lò. Ọ̀nà wo ni a lè gbà tí wọn yóò kàn tẹ eré náà, tí yóò sì bẹ̀rẹ̀?

Èsì

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, Calgary ni mo ń gbé. Inú mi dùn pé ọmọ tí ó ń dàgbà ní Manchester mọ̀ pé ẹṣin ni eégún ilé bàbá òun. Ọmọbìnrin mi kojú irú ọ̀ràn yìí ní ọdún tó kọjá, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni mo ń sọ.

Fáìlì tí ọmọ yín fi ránṣẹ́ dà bí lẹ́tà tí a kọ sí Python. Níbi tí Python kò bá sí, kò sí ẹni tí yóò kà á fún kọ̀ǹpútà. Ohun tí ẹ ó ṣe ni kí ẹ di Python fúnra rẹ̀ mọ́ eré náà, kí ẹni tí ó gbà á má bàa wá ohunkóhun mìíràn kún un. PyInstaller ni à ń lò fún èyí, ọ̀fẹ́ sì ni. Àmọ́ kì í di ẹrù fún irú kọ̀ǹpútà tí òun kò sí lórí rẹ̀: èyí tí ẹ bá dì lórí Mac kò ní ṣí lórí Windows. Ẹ yá láptọ́ọ̀pù Windows lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kan fún ìrọ̀lẹ́ kan, kí ọmọ náà dì í níbẹ̀.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bi àwọn ará ilé pé Windows wo ni wọ́n ń lò. Windows 7 ni ó wà lórí láptọ́ọ̀pù ẹ̀gbọ́n mi ní Ọ̀fà, Python 3.8 sì ni ó kẹ́yìn nínú àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Èyí tí ó tuntun jù bẹ́ẹ̀ lọ ni àwa fi di tiwa, a sì fi odindi ọjọ́ mẹ́ta pe ara wa lórí fóònù kí a tó mọ ìdí tí kò fi ṣí.

Àwòrán àti ohùn tún ń fẹ́ àmójútó, nítorí PyInstaller kì í ṣàdédé kó wọn. Ọmọ yín ni yóò fi àṣẹ PyInstaller tí ó ń jẹ́ --add-data sọ fún un, yóò sì kọ kóòdù rẹ̀ kí eré náà máa wá àwòrán nínú fódà tirẹ̀, kì í ṣe nínú fódà kan tí ó wà lórí Mac yín nìkan. Kí ó fi fáìlì fọ́ńtì sínú ẹrù pẹ̀lú. Bí ó bá ń yá fọ́ńtì inú Mac lò, fọ́ńtì náà lè má sí nílé, ibi tí ó kọ "Ẹṣin Ìlọrin" sí yóò sì kún fún àpótí òfìfo. Ó dùn mí nígbà tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa, nítorí pé orí àmì ohùn gan-an ni ọmọ mi ti ṣe wàhálà jù.

PyInstaller lè ṣe fáìlì kan ṣoṣo tàbí odindi fódà. Fáìlì kan wu ojú, ṣùgbọ́n fódà ni èmi fara mọ́, torí pé fáìlì kan náà máa ń tú ẹrù rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá ṣí i, èyí tí ó ń fa ìdádúró lórí kọ̀ǹpútà tí ó ti gbó, àwọn antivirus sì máa ń fura sí i jù. Ẹ sọ fódà náà di zip, kí ẹ fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bí document, nítorí Gmail kì í gba fáìlì exe, ìyẹn fáìlì ètò tí à ń tẹ̀ lórí Windows kí ó ṣí, ì báà wà nínú zip. Kí àwọn ọmọ náà tú zip náà sílẹ̀ pátápátá kí wọ́n tó tẹ ohunkóhun; àwọn tiwa tẹ̀ ẹ́ láti inú zip, kò sì ṣiṣẹ́. Windows lè kìlọ̀ pé òun kò mọ ẹni tí ó ṣe é. Wọn yóò tẹ "More info", lẹ́yìn náà "Run anyway". Ẹ pe bàbá tàbí ìyá wọn ṣáájú kí ẹ̀rù má bà wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ní kí wọ́n pa antivirus.

Bí ó bá jẹ́ pé fóònù nìkan ni àwọn kan nínú wọn ní, irinṣẹ́ kan tí ó ń jẹ́ pygbag lè sọ eré Pygame di èyí tí à ń ṣe nínú búráwúsà, tí a lè gbé sórí itch.io, ìkànnì tí à ń gbé eré sí. Ọmọ yín yóò tún apá kan kóòdù rẹ̀ kọ, eré náà yóò sì máa jẹ dátà wọn.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ gbé zip náà lọ sí ilé aládùúgbò kan tí kò ní Python lórí Windows rẹ̀, kí ọmọ náà jókòó ti onílé láìfọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, kí ó máa wo ibi tí ẹni náà yóò ti dúró.