Màíkì Méjì Lẹ́nu Áńpù Kan: Ta Ló Gbé Ohùn Jìtá Mi Lọ?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Áńpù jìtá mi ní sípíkà oní-íǹṣì 12 kan ṣoṣo. Mo gbé màíkì SM57 síwájú rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 8 sí aṣọ ẹnu rẹ̀. Ohùn rẹ̀ mú, mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo wá fẹ́ kó sanra díẹ̀, ni mo bá gbé màíkì kejì, MD 421, kún un, mo fi sí sẹ̀ǹtímítà 24, torí ẹnì kan sọ fún mi pé òfin mẹ́ta-sí-ọ̀kan ló sọ bẹ́ẹ̀. Tí mo bá gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí wàhálà. Tí mo bá ṣí wọn pọ̀, tí mo jẹ́ kí agbára wọn dọ́gba, jìtá á dà bí ẹni tó ki orí bọ páìpù tó ń kọrin. Mo tẹ bọ́tìnì tó ní àmì òdo tí ìlà gba inú rẹ̀ kọjá, béèsì bá sá lọ pátápátá. Mo dá a padà, páìpù tún dé. Ṣé màíkì ló bàjẹ́ ni, àbí etí mi? – Ọmọ Oníjìtá

Ìdáhùn: Àbúrò mi, màíkì rẹ pé, etí rẹ náà sì pé, òun ló kúkú sọ fún ọ pé nǹkan ń ṣe. Ohun tó ń ṣe ọ́ wà nínú lẹ́tà tí o kọ: 8 àti 24. Yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ó ku 16. Inú sẹ̀ǹtímítà 16 yẹn ni ohùn jìtá rẹ há sí.

Wò ó báyìí. Nínú yàrá tí kò gbóná tí kò sì tutù, ìró ń rin nǹkan bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Mílísẹ́kọ́ǹdì kan, tó jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, sẹ̀ǹtímítà 34 péré ló lè rìn nínú rẹ̀. Ohun tó bá ti dé ọ̀dọ̀ SM57 rẹ máa fi bí ìdajì mílísẹ́kọ́ǹdì pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ 421. O lè ní kí nìyẹn já mọ́. Sípíkà kì í dúró de ẹnikẹ́ni ni. Ó ń ti afẹ́fẹ́ síwájú, ó ń fà á padà sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ohùn tó bá wà ní nǹkan bí 1,070 Hz, ìyẹn èyí tó ń gbọ̀n ní ìgbà 1,070 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, á ti tì, á sì ti fà, kí mílísẹ́kọ́ǹdì kan tó pé. Nígbà tí 421 bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ títì, fífà ni SM57 ń gbọ́. O pa wọ́n pọ̀ lórí míkísà, ọ̀kan ní ká lọ síwájú, èkejì ní ká padà sẹ́yìn, kò wá sẹ́ni tó kúrò lójú kan. Ohùn yẹn kú nìyẹn. Á tún kú ní nǹkan bí 3,200, á kú ní 5,350, bẹ́ẹ̀ ni á máa lọ sókè, ihò lẹ́yìn ihò bí àlàfo eyín òòyà. Agbègbè 1,000 yẹn ni ara jìtá wà, 3,000 sì ni ẹnu tó fi ń bù ọ́ jẹ. O ti fi ọwọ́ ara rẹ gbẹ́ ihò sí ibi méjèèjì.

Kí ló dé tí béèsì ò fi bá wọn kú nígbà náà? Okùn E tó nípọn jù lórí jìtá ń gbọ̀n ní nǹkan bí 82 Hz, ìgbì rẹ̀ kan gùn ju mítà 4 lọ. Kí ni sẹ̀ǹtímítà 16 fẹ́ fi irú ìgbì bẹ́ẹ̀ ṣe? Màíkì méjèèjì jọ ń gbọ́ títì, wọ́n jọ ń gbọ́ fífà. Àfìgbà tí o wá tẹ bọ́tìnì.

Bọ́tìnì yẹn, polarity ló ń yí. Ó ń sọ títì di fífà fún gbogbo ohùn, látìsàlẹ̀ dókè, láìdá nǹkan kan dúró. Phase tí ìwọ ń bá jà ní tiẹ̀, ìyẹn bí títì àti fífà màíkì méjèèjì ṣe bára mu sí, ara pípẹ́ ló ti wá, bó ṣe ń ṣe ohùn gíga kọ́ ló ń ṣe ohùn ìsàlẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ gan-an máa ń kọ "phase" sára bọ́tìnì polarity, wọn ò ṣe wá lóore níbẹ̀. Ṣùgbọ́n o rí i pé títẹ̀ tí o tẹ̀ ẹ́ wúlò: béèsì sá lọ nígbà tí o yí i, ó túmọ̀ sí pé polarity rẹ dára tẹ́lẹ̀. Ibi tí màíkì dúró sí nìkan ló kù.

Ní ti òfin mẹ́ta-sí-ọ̀kan, kì í ṣe tìrẹ. Ẹni tó ní olórin méjì àti màíkì méjì ló ni ín: kí àlàfo tó wà láàárín màíkì sí màíkì tó ìlọ́po mẹ́ta èyí tó wà láàárín màíkì sí ẹnu olórin rẹ̀, kí ohùn ẹnì kìíní má baà ráyè wọ màíkì ẹnì kejì tó bẹ́ẹ̀. Sípíkà kan ni ìwọ ní. Ẹni tó sọ ọ́ fún ọ gbọ́ ọ láìgbọ́ ọ tán.

Wàyí o, ohun tí èmi máa ń ṣe rèé. Mo máa ń pa reverb àti tremolo áńpù, ìyẹn èyí tó ń mú ohùn dún bíi ti inú gbọ̀ngàn àti èyí tó ń mú un gbọ̀n. Mo máa wá ariwo "ṣẹ̀ẹ̀ẹ̀" bíi ti rédíò tí kò rí ilé iṣẹ́ kankan mú, ọ̀pọ̀ ètò ìgbohùnsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà ló ní in, mo máa gbé e gba inú áńpù jáde jẹ́jẹ́. Mo máa de hẹ́ẹ̀dìfóònù tó bo etí dáadáa, mo máa kó màíkì méjèèjì sí àárín gbùngbùn, kò gbọdọ̀ sí ọ̀kan lọ́tùn-ún ìkan lósì, mo sì máa jẹ́ kí agbára wọn dọ́gba. Lẹ́yìn náà ni mo máa yí polarity ọ̀kan sódì. Bẹ́ẹ̀ ni, sódì, o ò ṣì mí gbọ́.

Kúnlẹ̀ síbi áńpù báyìí, di ọ̀pá màíkì 421 mú lọ́rùn, kí o máa sún un súnmọ́ sípíkà bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn yàrá tí ọmọ ti sùn. Etí rẹ á gbọ́ tí ariwo náà ń pàwọ̀ dà. Á kọ́kọ́ máa dún ṣùù, á di ṣìì, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́lẹ́. Ibì kan ń bẹ tó jẹ́ pé ó máa fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá tán, ohun tó máa kù lẹ́tí rẹ kò ní ju ohùn ẹ̀fọn lọ. Tí o bá fi mílímítà mélòó kan kọjá ibẹ̀, á tún wú. Padà síbẹ̀. Fún ìdè ọ̀pá náà pa, kí o ṣọ́ra, torí ìdè fúnra rẹ̀ lè sún màíkì bí o ṣe ń fún un. Wá dá polarity padà sí bó ṣe wà. Ohun tó máa bú sí ọ létí nígbà yẹn ni jìtá rẹ tó sanra tí o ń wá.

Ìdí tí mo fi ń wá ibi tó ti kú ju ibi tó ti yè lọ ni pé etí mọ òfo ju bó ṣe mọ ẹ̀kún lọ. "Ó kún" àti "ó kún díẹ̀ sí i" jọra púpọ̀. "Ó ti tán" kò jọ nǹkan kan.

Má sì gbára lé rúlà. Awọ tó ń gbọ́ ohùn nínú SM57 fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹnu rẹ̀, ti MD 421 wọnú díẹ̀ lẹ́yìn irin tó bò ó. Tí o bá tò wọ́n ní ẹnu sí ẹnu, awọ wọn kò tíì dọ́gba. Nígbà tí etí rẹ bá ti rí ibi tó yẹ, irin 421 á máa súnmọ́ sípíkà ju ti SM57 lọ, ojú á máa sọ fún ọ pé kò gún. Má dá ojú lóhùn. Lẹ bébà mọ́lẹ̀ síbi ẹsẹ̀ ọ̀pá méjèèjì kí o tó lọ mu omi.

Ọ̀gbẹ́ni Fredrik Nordström, tó ni ilé ìgbohùnsílẹ̀ Studio Fredman ní orílẹ̀-èdè Sweden, gba ọ̀nà mìíràn yọ. SM57 méjì ló máa ń lò, ọ̀kan kọjú sí sípíkà tààrà, èkejì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Irú màíkì kan náà, ní ibì kan náà, jíjìn wọn á ti dọ́gba kí wàhálà tó bẹ̀rẹ̀. Ojú tí wọ́n kọ síra nìkan ló ń mú ohùn wọn yàtọ̀. Tí o bá rí SM57 kejì yá, dán an wò.

Ohun kan tún wà tí mi ò gbọdọ̀ fi pa mọ́ fún ọ. Mo ti fi odidi ọ̀sán kan sún màíkì síwá sẹ́yìn níwájú áńpù kan, kò gbọ́, béèsì kò dé. Mo bú màíkì, mo bú áńpù, mo wo onijìtá bí ẹni pé òun ló jí béèsì náà. Wáyà ni. Èmi fúnra mi ni mo fi lẹ́ẹ̀dì jó o lóru tí oorun ti ń kùn mí, nínú ẹsẹ̀ irin kéékèèké tó wà lẹ́nu wáyà náà, mo gbé ti ẹsẹ̀ 2 sí ẹsẹ̀ 3, mo gbé ti 3 sí 2. Polarity rẹ̀ ti yí látinú wáyà wá, kò sí ibi tí màíkì lè dúró sí tó máa tún un ṣe. Láti ìgbà náà, wáyà tuntun kankan kì í dé ọ̀dọ̀ mi kí n má fi sí màíkì kan, kí n fi wáyà tó dá mi lójú sí òmíràn tó jẹ́ irú rẹ̀, kí n so orí wọn pọ̀ síwájú ẹnu mi, kí n kà láti ení dé èjì. Tí ohùn mi bá rù nígbà tí mo ṣí méjèèjì pọ̀, a jẹ́ pé wáyà yẹn ti yí.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní jìtá. Ọ̀kan nínú wọn gbé màíkì kan síwájú áńpù, ó gbé ìkan sẹ́yìn rẹ̀ níbi tó ti ṣí sílẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà ń ṣe é. Létí tèmi, ohùn náà rù kan egungun. – Màmá Olùkọ́

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ kíkọ́. Òótọ́ ni ọmọ yẹn sọ, ó kàn ku ohun kan tí kò ṣe. Nígbà tí páálí sípíkà bá ń ti afẹ́fẹ́ síwájú, ṣe ló ń fa ti ẹ̀yìn. Màíkì ẹ̀yìn ń gbọ́ òdì ohun tí ti iwájú ń gbọ́, béèsì ló sì máa kọ́kọ́ fara gbá a. Ẹ ní kó yí polarity ti ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà kó wá sún un títí á fi bá ti iwájú mu. Kó má jẹ́ kí agbára rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti iwájú o. Kó kọ́kọ́ pa á lẹ́nu mọ́ pátápátá, kó máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, kó dúró níbi tó ti gbọ́ pé ìsàlẹ̀ jìtá ti rí ilẹ̀ tẹ̀.

Tí màíkì rẹ̀ bá jẹ́ oní-ríbọ́ǹ bíi Royer R-121 tó ń gbọ́ níwájú tó ń gbọ́ lẹ́yìn, kó wo ojú èwo ló kọ sí áńpù, torí òdì ni ẹ̀yìn irú màíkì bẹ́ẹ̀ náà ń gbọ́.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, kí ni gbogbo ìkúnlẹ̀ yìí? Ṣé mi ò kàn lè gbà á sílẹ̀ bó ṣe wà, kí n wá fi kọ̀ǹpútà fa ìgbì méjèèjì kí orí wọn bára mu? Mo ní màíkì kẹta nínú yàrá náà, ó jìnnà tó mítà 3. – Aláìníkúnlẹ̀

Ìdáhùn: O lè fà á. Tí o bá ń gbohùn sílẹ̀ ní 48,000 sample láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ni pé kọ̀ǹpútà ń wọn ohùn ní ìgbà 48,000, sample kan tó nǹkan bíi mílímítà 7, ìyẹn ni pé sẹ̀ǹtímítà 16 ti àbúrò òkè yẹn jẹ́ nǹkan bíi sample 22. Ta okùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kúkurú, "tá," kí o tó bẹ̀rẹ̀ orin, òun lo máa fi mọ ibi tí ìgbì kọ̀ọ̀kan ti kọ́kọ́ gbérí. Ìgbà tí mo bá gba iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti gbà sílẹ̀ lèmi máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó wá tààrà láti sípíkà nìkan ni fífà yẹn ń tún ṣe. Èyí tó ta lu ilẹ̀ kó tó dé màíkì kọ̀ọ̀kan gba ọ̀nà tirẹ̀, kì í bá a lọ. Tó o bá sì ti fà á tán, di ojú kí o tún tẹ́tí, torí ìgbì tó bára mu lójú lè má bára mu létí.

Tí gbogbo rẹ̀ bá sú ọ, rẹ agbára màíkì kejì sílẹ̀ ní 10 dB sí èkíní (dB la fi ń wọn agbára ohùn). Àwọn ihò tí mo ń sọ lẹ́ẹ̀kan á ṣì wà, ṣùgbọ́n wọn ò ní jìn ju 3 dB àti díẹ̀ lọ.

Ti màíkì kẹta yẹn, má fọwọ́ kàn án. Mítà 3 jẹ́ nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ǹdì 9, inú mílísẹ́kọ́ǹdì 9 yẹn ni yàrá wà. Tó o bá fà á wá síwájú kó bá SM57 dọ́gba, o ti gbé áńpù kúrò nínú yàrá, páìpù lo sì máa tún gbọ́.