Ẹ Bi Onílù: Ìyáàlù Bàbá Mi Tí Mo Tà

Ìbéèrè

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ìyáàlù bàbá mi ni mo tà ní ọdún 9 sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyàwó mi tí owó kò pé. Ọkùnrin kan tó máa ń ra ìlù kiri ló bá mi nílé ní Kétu. Ó san 40,000 sẹfà, ó ní òun ń lọ sí ọ̀nà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). N kò béèrè orúkọ rẹ̀. Ọmọ mi ti ń lu kànnàngó báyìí, ó sì ń bi mí léèrè ìlù bàbá àgbà. Fọ́tò kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ mi, bàbá gbé e kọ́ èjìká lóde ìyàwó. Ṣé mo ṣì lè rí i?
Ọmọ Àyàn, Kétu

Ìdáhùn

Ọmọ Àyàn, ara ìyàwó ń kọ́? O kò sọ ọ́ nínú lẹ́tà rẹ, òun ni mo sì kọ́kọ́ ń wá níbẹ̀. Mo gbà á ládùúrà pé ara rẹ̀ ti le.

Fi fọ́tò yẹn sílẹ̀ ná. Awọ, ọṣán (okùn awọ tí wọ́n fi ń fa ojú ìlù) àti ṣaworo ló hàn nínú rẹ̀, kò sì sí èyí tí wọn kì í pààrọ̀. Bí ìlù bá bọ́ sọ́wọ́ onílù tuntun, yóò tú u, yóò fi awọ ewúrẹ́ mìíràn bò ó, yóò fa ọṣán tuntun, yóò to ṣaworo bó ṣe wù ú. Bó o bá ń fi fọ́tò wá a, ìlù náà á wà níwájú rẹ, wàá sì kọjá lára rẹ̀. Igi ni kó o máa wá.

Igi apá ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ ni àbí igi ọ̀mọ̀? Apá wúwo, ọ̀mọ̀ fúyẹ́. Èjìká rẹ á rántí. Ṣé ó ti là rí? Níbo ni wọ́n ti lẹ̀ ẹ́? Lọ bá àwọn àgbà tó ń lu gángan àti kẹríkẹrì tẹ̀lé bàbá rẹ. Ẹni tó dúró ti ìlù kan fún ọdún púpọ̀ mọ ọjọ́ tó ṣubú.

Èmi náà ta ìyáàlù rí. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1994 ni, nígbà tí wọ́n já iye sẹfà wálẹ̀ sí ìdajì, tí owó tí mo kó pa mọ́ kò ra nǹkan kan mọ́. Ọdún 6 ni mo fi ń wo èjìká àwọn onílù ní gbogbo òde tí mo bá lọ. N kò rí i lóde kankan. Àfi lọ́jọ́ kan tí mo gbé gángan lọ fún àtúnṣe ní Àjàrá, nítòsí Àjàṣẹ́, mo rí igi ìlù kan ní ìhòòhò lábẹ́ tábìlì, kò sí awọ, kò sí ọṣán. Mo ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ìka mi sì bọ́ sínú kòtò kékeré kan lẹ́bàá ọrùn rẹ̀, ibi tí bàbá mi fi ìda dí nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún.

Nítorí náà, má wulẹ̀ dààmú lórí ọkùnrin tó rà á. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bo ìlù ni kó o lọ, nítorí ibẹ̀ nìkan ni ìlù ti ń bọ́ aṣọ. Ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń ná ọjà Àjàrá, tí ìlù pọ̀ níbẹ̀ jaburata, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà ni kó o lọ, kí wọ́n lè ráyè dá ọ lóhùn. Lọ nígbà ọyẹ́, tí awọ ń gbẹ tó ń ya. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó ń ta ọnà fún àlejò ní Kútọ́nu ló rà á, ìyẹn le, ó lè ti wọkọ̀ òfuurufú.

Bó o bá rí i, má pariwo pé tìẹ ni. O tà á ni, wọn kò jí i. Ẹni tí mo bá tèmi lọ́wọ́ rẹ̀ kọ̀, ó ní òun ń fi í jẹun. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo padà lọ, ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo mú ọmọ mi dání tó lu ìlù náà létí rẹ̀. Ó gba ìlọ́po méjì iye tí mo tà á, owó awọ tuntun wà níbẹ̀. Mo san án.

Bó o bá ti rántí irú igi tó jẹ́ àti ibi tó ti là, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi kí ọyẹ́ tó dé. Ilé mẹ́ta ni mo mọ̀ ní Àjàrá tí wọ́n á jẹ́ kó o ki ọwọ́ bọnú ìlù.