Àmì orúkọ Ọmọ́wùmí ń já bọ́ lábẹ́ ayùn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Òṣogbo, mi ò kọ́ṣẹ́ káfíńtà rí. Àbúrò mi tó wà ní London ló fi scroll saw kékeré kan (ẹ̀rọ ayùn oníbíléèdì tín-ín-rín tó ń lọ sókè-sódò) ránṣẹ́ sí mi lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń fi gé ẹyẹ, ewé àti orúkọ ṣeré. Ẹ̀gbọ́n mi wá bí ọmọbìnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Ọmọ́wùmí. Mo fẹ́ gé orúkọ náà sínú pákó kan ṣoṣo kí wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri yàrá ọmọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gé e báyìí. Lákọ̀ọ́kọ́, gbogbo àmì rẹ̀ já bọ́ sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, mo fi fọ́nrán pákó tín-ín-rín so àmì mọ́ lẹ́tà, àfi ìgbà tí mo ń fi sáńpépà pa á tí wọ́n kán. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo kúkú yọ gbogbo àmì dànù, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí láti gbé e lé wọn lọ́wọ́, èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Yorùbá. Bíléèdì tún ń kán ṣáá. Kí ni kí n ṣe? Tí mo bá sì rí i ṣe, ṣé mo lè fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wa lórí WhatsApp kí àwọn náà gé e?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà. Ẹ kú oríire ọmọ tuntun, Ọlọ́run á dá a sí.

Ẹ má yọ àmì yẹn. Nígbà tí èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ayùn yìí gé orúkọ, mo gé A-y-o gbalaja fún tọkọtaya kan tí wọ́n sọ ọmọ wọn ní Ayọ̀. Níbi ìkómọjáde, bàbá àgbà kan wò ó títí, ó ní, “Ọpọ́n rẹ̀ wá dà?” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ láti ọjọ́ náà ni mi ò ti gé orúkọ ẹnikẹ́ni láìfi àmì sí i mọ́.

Ohun tó ń dà yín láàmú kì í ṣe ọ̀rọ̀ ayùn. Inú pẹ́ńsù ló ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn àwòrán lẹ́tà tí àwa oníṣẹ́ ọwọ́ ń rí gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n yà wọ́n fún, lẹ́tà kékeré tí nǹkan sì ti ya kúrò lára rẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì kò ju i àti j lọ. Ẹ wá ka tiwa wò: Ọmọ́wùmí, lẹ́tà méje, àmì márùn-ún, méjì nísàlẹ̀, mẹ́ta lókè. (Àwa nìkan kọ́ ni irú èyí ń bá jà o. Àwọn ará Jámánì tó ń gé orúkọ náà ní àmì oníméjì-méjì lórí a, o àti u wọn.) Tí ẹ bá tẹ orúkọ náà sórí kọ̀ǹpútà, tí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, tí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó, àmì yóò já bọ́ ni, torí afẹ́fẹ́ ló wà láàárín òun àti lẹ́tà. Nítorí náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ẹ wá fi pẹ́ńsù tún un yà lórí ìwé kí ayùn tó gbọ́ nípa rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Àmì abẹ́ Ọ àti ọ: ẹ má fi ṣe róbótó. Ẹ fà á bí igi kékeré tó dúró ṣánṣán, tí orí rẹ̀ wọnú ìdí lẹ́tà lọ. Àwọn kan máa ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n fọwọ́ kọ, kò sì sí ọmọ Yorùbá tó máa rí i tí yóò béèrè pé kí nìyẹn. Róbótó nílò ọrùn kó tó lè di lẹ́tà mú, ọrùn yẹn ló sì ń kán. Igi tó dúró kò lọ́rùn, gbogbo ara rẹ̀ ló nípọn bákan náà. Bí lẹ́tà kékeré yín bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 4.5, ẹ jẹ́ kí àmì abẹ́ fẹ̀ tó mìlímítà 6, kó sì gùn tó mìlímítà 8.

Àmì òkè ọ́: òkè ni orí rẹ̀ ń wò lápá ọ̀tún, ìdí rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ lápá òsì. Ìdí yẹn ni kí ẹ tì bọ inú lẹ́tà, tó mìlímítà 3. Ẹ jẹ́ kí ìdí sanra ju orí lọ, bí èso ata ṣe rí. Níbi tí àmì àti lẹ́tà ti pàdé, ẹ má jẹ́ kí igun mú. Ẹ yí i bírí, torí ibi tí igun bá ti mú ni pákó ti ń là.

Ibi ù ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀. Lẹ́tà u là sókè, kò ní orí, tí ẹ bá gbé àmì sí àárín rẹ̀ bí ti ìwé, òfìfo ló máa bá pàdé. Ẹ wò ó dáadáa: àmì ohùn ìsàlẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá sápá ọ̀tún, nítorí náà apá ọ̀tún u ni kí ó jókòó lé. Ká ní ú ni, apá òsì ni kó jókòó lé. Ojú yóò gbà á, ẹ má mikàn. Ti í ló rọrùn jù: ẹ pa róbótó orí i rẹ́ pátápátá, kí ẹ gbé àmì lé orí igi lẹ́tà náà tààrà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ sún àwọn lẹ́tà súnmọ́ra kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọnú ìkejì díẹ̀. Ẹ tún wo bí ẹ̀rọ yín ṣe jìn tó láti ibi bíléèdì dé ibi ìrù rẹ̀ kí ẹ tó pinnu bí orúkọ yóò ṣe gùn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kékeré kò ju ínṣì 16 lọ, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 40. Bí orúkọ bá gùn ju ìyẹn lọ, ẹ ò ní lè yí i po, ìdí rẹ̀ á máa kọ lu ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Bí lẹ́tà kékeré bá ga tó 4.5 yẹn, Ọmọ́wùmí yóò gùn tó 36 sí 38. Ó gbà.

Ó ku pákó. Ẹ ò sọ irú èyí tí ẹ lò, ṣùgbọ́n bí àmì yín ṣe kán lábẹ́ sáńpépà ti sọ ọ́ fún mi. Ẹ dán èyí wò: ẹ gé ègé tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná lára pákó ọ̀gànwó, ní ìbú rẹ̀, kí iṣan igi dábùú rẹ̀. Ẹ fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́. Pẹ́kẹ́! bí bisikíìtì. Ẹ wá gé òmíràn ní òró, kí iṣan bá a lọ. Ìyẹn á tẹ̀ títí kó tó kán. Nígbà tí ẹ bá gé orúkọ sára pákó, iṣan pákó ń lọ láti Ọ dé í, ó sì dára bẹ́ẹ̀, òun ló ń di lẹ́tà mú pọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àmì yín ń lọ sókè-sódò, iṣan dábùú gbogbo wọn. Kò sí bí wọn ò ṣe ní kán.

Pláíwúùdù ni kí ẹ lò fún irú iṣẹ́ yìí, èyí tó nípọn tó mìlímítà 6. Ìpele rẹ̀ kan ń lọ ní òró, èyí tó tẹ̀ lé e ń lọ ní ìbú, apá tí iṣan kan ò bá lè gbà, èkejì á gbà á. Tí ẹ bá dé ìsọ̀ oníplánkì, ẹ má wo ojú rẹ̀ nìkan, ẹ gbé etí rẹ̀ sókè, kí ẹ ka ìpele. Onípele márùn-ún sàn ju onímẹ́ta lọ. Tí ẹ bá rí ihò láàárín ìpele, ẹ dá a padà, nítorí ihò yẹn kì í fara hàn lójú pákó, ìdí àmì ọ́ gan-an ló máa bọ́ sí, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Arère rọ̀, ó dùn ún gé, àmọ́ kò lágbára tó fún àmì. Ọ̀mọ̀ tí wọ́n fi ń gbẹ́ ìlù dára fún ẹyẹ àti ewé yín. Ìrókò ní tirẹ̀ máa ń ní òkúta nínú, òkúta gidi bí ẹfun, tí bíléèdì tín-ín-rín bá sì kàn án, ó parí nìyẹn.

Tó bá di gígé: ẹ kọ́kọ́ lẹ màsíkìn tépù mọ́ ojú pákó, kí ẹ tó fi gọ́ọ̀mù lẹ ìwé mọ́ orí tépù yẹn. Tí iṣẹ́ bá parí, ẹ kàn máa ṣí tépù, ìwé á bá a lọ, ẹ ò ní máa fi kẹrosíìnì nu gọ́ọ̀mù. Inú Ọ àti inú ọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ gé, ihò méjèèjì yẹn nìkan ni orúkọ yìí ní. Ẹ fi dírìlì lu ihò sí apá tí ẹ máa sọ nù, kí ẹ ki bíléèdì bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá gé ẹ̀yìn rẹ̀ yí ká. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí m, níbi tó nípọn, ibẹ̀ náà ni kí ẹ parí sí. Pákó tí ẹ ń gé kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì, ẹ má gé e wẹ́wẹ́ dànù. Ẹ jẹ́ kó wà lódindi, kó máa gbá àmì mọ́ra títí ẹ ó fi kúrò níbẹ̀. Tí ẹ bá wá fẹ́ fi sáńpépà pa á, ẹ tẹ́ ẹ lé orí tábìlì gbalaja, kí ẹ máa ti ara lẹ́tà pa á lọ sórí àmì. Ẹni tó bá ti orí àmì pa á wá sínú, sáńpépà á fà á lọ́rùn.

Ní ti bíléèdì tó ń kán, èrò tèmi ni pé ẹ̀ ń tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Iwájú nìkan ni kí pákó máa lọ, ọwọ́ ni kó máa yí pákó, kì í ṣe kí bíléèdì máa tẹ̀ tẹ̀ lé yín. Bíléèdì náà tún máa ń fẹ́ ya sápá ọ̀tún díẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣe é ní ilé iṣẹ́ ló fà á, kì í ṣe àìmọ̀ọ́ṣe yín. Ẹ kàn dojú pákó kọ ọ́ ní ìkọ̀rọ̀ díẹ̀, ọwọ́ á mọ̀ ọ́n tó bá yá. Kí ẹ tó tan ẹ̀rọ, ẹ fi ìka ta bíléèdì bí okùn gìtá. Tó bá dún gbùú, ó ti dẹ̀ jù, tó bá dún píìn, ó tọ́. Bíléèdì nọ́ńbà 3 ló tó fún pákó mìlímítà 6, kí ẹ wá èyí tí eyín díẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀ kọjú sókè, kò ní jẹ́ kí ẹ̀yìn pákó hú irun. Bó ti wù kó dára tó, ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni mo máa ń lò ó, mo pààrọ̀ rẹ̀. Bíléèdì tó ti kú ló ń sun pákó dúdú, òun náà ló ń mú kí èèyàn máa fi agbára tì í.

Ẹ wọ ìbòmú. Mi ò ní sọ púpọ̀ lórí èyí, ṣùgbọ́n ekuru yìí lẹ́bú, kì í jókòó sílẹ̀ bí ti ayùn ọwọ́, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí lórí àrùn jẹjẹrẹ sì ti ka ekuru igi mọ́ àwọn ohun tó ń fà á láti ọdún 1995. Ẹ má gé nǹkan nínú yàrá tí ọmọ máa sùn sí.

Ẹ lè fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín, kí ló dé? Ẹ̀yin lẹ yà á. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ara lẹ́tà ẹlòmíì tó kọ ọ́ sórí iṣẹ́ rẹ̀ pé fún ìlò ara ẹni nìkan ni ẹ ti tọpa rẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ná. Ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ tí ẹ tẹ̀ ránṣẹ́. Tó bá dé orí fóònù ẹlòmíì, lẹ́tà lè yí padà, àmì á sì fọ́n káàkiri, gbogbo wàhálà tí a ṣe lókè yìí á di asán. Ẹ sọ ọ́ di PDF láti orí ìwé tí ẹ fi pẹ́ńsù yà, kí ẹ fi ránṣẹ́ bí fáìlì, kì í ṣe bí fọ́tò, nítorí WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀. Ẹ kọ irú pákó àti nọ́ńbà bíléèdì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Nísàlẹ̀ ìwé náà, ẹ fa ìlà kan tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10 gééré. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sún àwòrán kéré kó lè gba ojú ìwé láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ jáde, kó kọ́kọ́ fi rúlà wọn ìlà yẹn. Tó bá bá 9.4 níbẹ̀, àmì ọ́ ti tín-ín-rín ju bí ẹ ṣe yà á lọ nìyẹn, kó padà lọ tún un tẹ̀.